Òpópónà Àwọn Oníbàtà àti Kòtò Àwọn Aláwọ̀ Dúdú: Ohun Tí Mo Rí ní Lisbon

Lisbon, olú ìlú àwọn Potogí, ni mo lọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń dirun níbẹ̀ ni mo dé sí. Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, Àǹtí ní àwọn oníbàárà òun ti ń dúró, kí n máa fẹsẹ̀ rìn káàkiri, pé mi ò ní sọnù. Lóòótọ́, mi ò sọnù. Àmọ́ òkè tó wà ní ìlú yẹn, àfi bíi ti Abẹ́òkúta! Ẹsẹ̀ mi gbọ́ ọ.

Etí odò Tejo ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Gbàgede ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Praça do Comércio, ìyẹn Gbàgede Òwò. Ààfin ọba ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755, tí àwọn èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ mì tìtì, omi ya wọ ìgboro, iná sì ràn mọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kú. Ààfin lọ, ìsọ̀ lọ, ilé olówó àti ti tálákà lọ. Ẹ̀yin tí iná ọjà ti jó ìsọ̀ yín rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí.

Àwọn èèyàn náà ò káwọ́ lérí. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Marquês de Pombal, tó ń bá ọba ṣe ìjọba, ló ṣe olórí àtúnkọ́ ìlú. Wọ́n la òpópónà gbọọrọ bí ìgbà tí wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Wọ́n fi igi kan bí àgò adìẹ sínú ògiri, kí ilé má baà wó bí ilẹ̀ bá tún mì. Ẹ̀yin káfíńtà, iṣẹ́ yín nìyẹn o! Ní ọdún 1760, wọ́n wá pín àwọn òpópónà náà fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò. Rua do Ouro ni ti alágbẹ̀dẹ wúrà. Rua da Prata ni ti alágbẹ̀dẹ fàdákà. Rua dos Fanqueiros ni ti àwọn aláṣọ. Rua dos Correeiros ni ti àwọn tó ń fi awọ ṣe ìjánu ẹṣin. Rua dos Sapateiros ni ti àwọn oníbàtà.

Mo rin gbogbo wọn. Ilé oúnjẹ àti ìsọ̀ tó ń tajà fún àlejò ni mo ń rí jù níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ ṣì wà lára ògiri. Ilẹ̀ tí mò ń tẹ̀ gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ ni: òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú tí wọ́n fi òòlù tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 1986 ni ìjọba ìlú ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, kó má baà parun.

Ẹ̀rọ agbénisókè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1902. Mo rí bí èrò ṣe tò, mo bá fẹsẹ̀ gun òkè. Lókè ni ṣọ́ọ̀ṣì Carmo wà, èyí tí ilẹ̀ mímì ọdún 1755 já òrùlé rẹ̀. Wọn ò bò ó padà títí di òní. Ojú ọ̀run lèèyàn ń wò láàárín àwọn òpó rẹ̀.

Láti ibẹ̀, mo gba Chiado kọjá, mo sọ̀ kalẹ̀ gba Calçada do Combro. Ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ tó dá mi dúró: Rua do Poço dos Negros, Òpópónà Kòtò Àwọn Aláwọ̀ Dúdú. Àwọn òpìtàn so orúkọ yìí mọ́ àṣẹ tí Ọba Manuel kìíní pa ní ọdún 1515. Bí ẹrú bá kú nígbà yẹn, orí ààtàn ni wọ́n ń jù ú sí, tí ajá ń jẹ ẹ́. Ọba ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn, kí wọ́n máa jù wọ́n síbẹ̀.

Ara mi bù máṣọ. Ní nǹkan bí ọdún 1550, wọ́n ṣírò pé nínú èèyàn mẹ́wàá ní Lisbon, ọ̀kan jẹ́ ẹrú. Ẹrú ló ń pọnmi, tó ń fọṣọ, tó ń kiri oúnjẹ. Àwọn náà ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n fi rántí oníbàtà. Kòtò ni wọ́n fi rántí tiwọn.

Ká má sì nàka sí Potogí nìkan o. Ní Èkó, gbàgede kan ń jẹ́ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, ògbóǹtarìgì oníṣòwò tó kú ní ọdún 1887. Obìnrin bí ẹsẹ̀ bí ọwọ́ ni, orúkọ náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó ta ẹrú pẹ̀lú. Ta ló mọ orúkọ ẹnì kan nínú àwọn tó tà?

Nírọ̀lẹ́, mo dé Largo de São Domingos, níbi tí àwọn ará Guinea-Bissau ti máa ń pàdé. Ìyá kan pàtẹ obì síbẹ̀. A ò gbọ́ èdè ara wa, ìka ló fi sọ iye fún mi. Mo ná an, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹyọ kan ṣe ènì fún mi. Ìyá yìí ń tajà fún ara rẹ̀, owó rẹ̀ sì ń wọ àpò rẹ̀. Mi ò lè béèrè orúkọ rẹ̀, ó sì dùn mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òkúta lè wó, ààfin lè jóná. Orúkọ tí a bá kọ sílẹ̀ ló ń pẹ́. Ta ló kọ́kọ́ pàtẹ sí ìsọ̀ tí ẹ jókòó sí? Ta ló kọ́ ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́? Bí ẹ kò bá sọ ọ́, àwọn ọmọ yín ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà wa, kí ẹ kọ iṣẹ́ wọn tì í. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó bẹ ọmọ rẹ̀ kó bá a kọ ọ́.