Àwa Ọmọ Ẹ̀skọ́ṣọ̀n Àgbádárìgì

Gbogbo àwa tí a ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Onígbòǹgbò àti agbègbè rẹ̀ láyé ìjọba ológun la rántí ìwé tí tíṣà máa ń fi rán wa sílé pé kí òbí fọwọ́ sí, kí wọ́n sì fi owó ẹ̀skọ́ṣọ̀n lé e. Ibi méjì ni wọ́n sábà máa ń kó wa lọ: ilé-iṣẹ́, tàbí Àgbádárìgì.

Ilé-iṣẹ́ kò jọ wá lójú. Inú rẹ̀ la ṣáà ń gbé. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti Agídíngbì, òórùn kòkó á gba imú wa kan. Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkejà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, bàbá ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbì kan tàbí òmíràn lójú títì Ọba Akran. Kí la tún fẹ́ lọ wò?

Àgbádárìgì ni kì í jẹ́ ká sùn. Àwọn ìyá wa á jí dáná ìrẹsì kí àkùkọ tó kọ, wọ́n á bu ú sí kúlà, àwa á wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. A ó kọrin kọjá Oṣòdì àti Mile 2, títí a ó fi fi Òkòkòmáíkò sílẹ̀ tí igi àgbọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ ni ohun tí wọ́n mú wa wá wò. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní 1845 ṣì dúró létí ọ̀sà, a sì gun àtẹ̀gùn onígi rẹ̀. Ní agbo ilé Mobee, ìdílé náà fúnra wọn ló tọ́jú irin tí wọ́n fi ń de ẹrú. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ọmọ kan nínú wa gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà wò. Ariwo á dá wáí. Ọwọ́ ọmọ kíláàsì márùn-ún mọ ohun tó wúwo. Kò sẹ́ni tó ní kí a dákẹ́.

Ní agbo ilé Ṣẹ̀ríkí Abass, wọ́n ní yàrá 40 ni wọ́n ń kó ẹrú sí, ènìyàn 40 nínú yàrá kan. Wọ́n ti ta Abass alára lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, ó dé Bùràsíìlì, ó padà wá sílé, ó sì di oníṣòwò ẹrú. Ọ̀rọ̀ yìí dà wá láàmú ju irin lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbé inú agbo ilé náà, wọ́n sì ń sọ ohun tí bàbá ńlá wọn ṣe láì fi bò. Mo ka èyí sí ẹ̀kọ́ tó ga jù tí ẹnikẹ́ni kọ́ ìran wa. Ìwé kíláàsì sọ fún wa pé òyìnbó ló kó ènìyàn lọ. Àgbádárìgì sọ ẹni tó tà wọ́n.

Lẹ́yìn náà la wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù, a rin orí iyanrìn títí a fi rí òkun.

A ti dàgbà kí a tó mọ̀ pé Ọba Akran tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì ilé-iṣẹ́ wa, ọba Àgbádárìgì ni, mínísítà sì ni nínú ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tó dá ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìkejà sílẹ̀. Ìtàn kan náà ni ibi méjèèjì tí wọ́n ń kó wa lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò so wọ́n pọ̀ fún wa.

Dunlop kò ṣe táyà mọ́ láti 2008. Ilé ìjọsìn àti gbọ̀ngàn àríyá ti gba àwọn ilé ìkẹ́rùsí mìíràn. Ilé ìtajà ńlá ni wọ́n wá ń kó ọmọ wa lọ fún ẹ̀skọ́ṣọ̀n, áísìkiriìmù ni wọ́n ń jẹ bọ̀. Mi ò bínú sí áísìkiriìmù. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ tí a bí sí Onígbòǹgbò kò mọ̀ pé wọ́n ti ṣe táyà rí ní Ìkejà, kò sì tíì gbé irin ilé Mobee wò.

Àwọn bàbá tó dúró ti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn ṣì wà láàyè, wọ́n sì fẹ́ràn ẹni tó bá bi wọ́n léèrè. Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká béèrè fún bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì, ká sì ní kí ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà bá àwọn ọmọ wọ̀ ọ́, kó máa sọ ìtàn Ìkejà fún wọn bí wọ́n ṣe ń lọ.