Jin-Go-Lo-Ba àti Àwọn Tó Tún Un Kọ

Ohun tó máa kọ́kọ́ ya ẹni tó bá gbọ́ àwo Drums of Passion lẹ́nu ni pé kò sí gìtá níbẹ̀, kò sí dùùrù, kò sí fèrè. Ìlù ni, agogo ni, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, ohùn èèyàn ló kù. Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, ló kó wọn jọ ní Amẹ́ríkà ní 1959, ilé iṣẹ́ Columbia sì gbé e jáde. Kì í kúkú ṣe ìlù ló bá lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé ló bá lọ sí Morehouse College ní Atlanta ní 1950, kí ìlù tó gbà á lọ́wọ́ ìwé.

Nínú àwo yìí ni Jin-Go-Lo-Ba wà. Ọlátúnjí ń lé e, àwọn obìnrin ń gbè é. Ohun tó ń lé kò gùn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìró lọ: bí àyàn ṣe máa ń fi ẹnu pe ìlù fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, kí ọwọ́ ọmọ náà tó mọ̀ ọ́n lù. Ibẹ̀ ni adùn orin náà wà. Ẹnu sọ ohun tí ìlù máa sọ, ìlù tún un sọ, ẹlẹ́gbè gbà á lẹ́nu àwọn méjèèjì. Láàárín lílé àti ègbè, àyè kan wà tó jẹ́ pé ìlù nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, tí ohunkóhun ò dún bò ó. Ẹ fi àyè yẹn sọ́kàn, torí òun gan-an ni àwọn tó tún orin yìí kọ ń sáré lọ dí.

Santana ló dí i jù, òun náà ló sì mọ̀ ọ́n dí jù. Carlos Santana, ọmọ Mẹ́síkò tó ń gbé San Francisco nígbà náà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi orin náà sínú àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1969, wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Jingo. Wọ́n kọ ọ́ níbi àjọ̀dún orin Woodstock pẹ̀lú, ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Ìlù ló ṣí i sílẹ̀. Báàsì tẹ̀ lé e, ó di ohùn kan mú, ó ń yí i po bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Gregg Rolie, ọmọ ẹgbẹ́ náà, fi dùùrù Hammond bo gbogbo ilẹ̀. Nígbà náà ni gìtá Carlos wọlé, ó sì gba ipò ẹni tó ń lé: ó ń ké, ó ń fa ohùn gùn kọjá ibi tí èémí èèyàn lè gbé e dé. Ohùn ọkùnrin pe orúkọ orin náà bíi mélòó kan, wọ́n sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún gìtá. Àwọn obìnrin ẹlẹ́gbè ò sí mọ́.

Àwọn kan máa ní gìtá ti gba orin lọ́wọ́ onílù. Èmi ò bá wọn sọ ọ́. Ẹ fi etí yọ gìtá àti dùùrù kúrò, ẹ ó rí i pé ìlù ló ṣì gbé gbogbo rẹ̀ dúró.

Ti Serge Gainsbourg, akọrin ará Faransé, ni mi ò lè gbé mì. Ní 1964, kí Santana tó dé rárá, ó ṣe àwo kan tó pè ní Gainsbourg Percussions. Jin-Go-Lo-Ba di Marabout nínú rẹ̀, Kiyakiya, tí òun náà wà nínú Drums of Passion, di Joanna. Akiwowo inú àwo kan náà, tí Ọlátúnjí fi yẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè sí, di New York U.S.A., níbi tí Gainsbourg ti ń ka orúkọ àwọn ilé gogoro ìlú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sì dárúkọ Ọlátúnjí nínú àwo náà nígbà tó jáde. Ohun tó dùn mí jù ni pé òun ló sún mọ́ ètò Ọlátúnjí ju Santana lọ: ìlù ṣì wà níwájú, àwọn obìnrin ṣì ń gbè é. Olè náà mọ ojúlówó.

Candido Camero, àgbà onílù ọmọ Kúbà, gbé Jingo lọ sílé ijó dísíkò ní 1979. Èèyàn tó máa ń dá lu kóńgà mẹ́ta pọ̀ ni, nítorí náà kò wá gìtá tó máa bá a lé orin. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń lé e lórí awọ, abẹ́ rẹ̀ ni ìlù dísíkò ń gbá lọ láìsinmi. Bó bá jẹ́ ti ijó nìkan, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Santana. Fatboy Slim, ará Bìrìtéènì, náà ṣe tirẹ̀ ní 2004, ọdún kan lẹ́yìn tí Ọlátúnjí kú ní California. Ó dára fún òde àríyá, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ wọn tẹ̀léra, ti Santana ni kó fi ṣáájú. Bó bá wá kan ti Ọlátúnjí, etí rẹ̀ á kọ́kọ́ máa wá gìtá kiri, á máa rò pé nǹkan kan dín. Kó mú sùúrù títí àwọn obìnrin yẹn á fi gbè é lẹ́ẹ̀kejì.