Ìbòjú Tí Màmá Mi Rán fún Ọkọ̀ Mi

Oṣù Kejì ọdún wà lára àkókò tí oòrùn máa ń mú jù ní apá ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Ọyẹ́ ti lọ, àkọ́rọ̀ òjò kò sì tíì dé. Ní irú àkókò yẹn, ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé ọkọ̀ mi sílẹ̀ lẹ́bàá ọjà Arámọ̀kọ, mo ti gbogbo gíláàsì rẹ̀ pa nítorí olè, mo sì wọlé lọ ra iṣu. Mo ní n kò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n iṣu ríra kì í ṣe ohun tí a ń kánjú ṣe. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ná an, mo tún pàdé ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, a sì dúró sọ̀rọ̀ ìdánwò. Nígbà tí mo fi padà dé ìdí ọkọ̀, ó ti lé ní wákàtí kan. Mo di sítíárìnì mú, mo sì yára fi í sílẹ̀ bí ẹni tí ó fọwọ́ kan irin inú ààrò alágbẹ̀dẹ. Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, nínú ọ̀rá dúdú kan, ni oògùn Màmá mi wà.

Ínsúlínì ni oògùn náà. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí àtọ̀gbẹ ti ń bá Màmá mi fínra. Ìjerò ni wọ́n ń gbé, èmi ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Arámọ̀kọ, Adó-Èkìtì sì ni mo ti máa ń ra oògùn náà, nítorí pé ilé oògùn tí mo mọ̀ níbẹ̀ kì í jẹ́ kí iná fíríìjì rẹ̀ kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, apòògùn bá mi fi yìnyín tí a fi aṣọ wé sí ẹ̀gbẹ́ ìgò náà, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n tètè dé ilé. Kí n tó gba Ìyìn àti Ìgẹ̀dẹ̀ dé Arámọ̀kọ, yìnyín ti ń yọ́. Mo da omi rẹ̀ nù, mo sì gbé ọ̀rá náà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù kí ó má baà rin ìjókòó. Ibẹ̀ ni mo gbàgbé rẹ̀ sí.

Mo gbé ìgò náà sókè, mo wò ó. Omi inú rẹ̀ mọ́ kedere bí ó ti máa ń mọ́. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Nígbà tí mo dé Ìjerò, Màmá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sì béèrè pé, "Ṣé oòrùn kò pa á?"

Mo dáhùn pé, "Rárá o, Màmá."

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, àbúrò mi ọkùnrin, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, pè mí lórí fóònù. Ó ní láti ọjọ́ mẹ́ta ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Màmá ti ń ju 300 lọ. Wọ́n ti pa iyán tì, ọmọ Ìjerò tí kì í fi ọjọ́ kan ṣeré lórí iyán. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, síbẹ̀ ṣúgà kò sọ̀kalẹ̀. Dókítà ti sọ pé bí ó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ Mọ́ńdé, òun yóò fi kún ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún.

Mo mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á láti sọ. Dípò kí n jẹ́wọ́, mo pète. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí a ti parí iṣẹ́, mo wakọ̀ lọ sí Adó. Mo ra ìgò ínsúlínì mìíràn pẹ̀lú èrò pé n ó rọra fi pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ ra ohun tí a fi ń bo gíláàsì iwájú ọkọ̀ lọ́wọ́ oòrùn, èyí tí àwọn tí ń tà á ń pè ní sọ́nṣéèdì. Ó dà bí ẹni pé oòrùn ni ó jẹ̀bi, tí n ó sì bá a parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú owó.

Ẹni tí ń tà á kó oríṣi mẹ́rin sílẹ̀ níwájú mi. Èkíní jẹ́ páálí tí a fi ọ̀rá aláwọ̀ fàdákà lẹ̀ lójú, tí ó máa ń ká lé ara rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Èkejì jẹ́ aṣọ tín-ín-rín tí wáyà rírọ̀ wà létí rẹ̀. Bí a bá lọ́ ọ, á ká di òbìrí kékeré. Ẹ̀kẹta máa ń ṣí bí agbòòrùn, ó ní ọ̀pá, ó sì ní egungun. Ẹ̀kẹrin ni àwọ̀n dúdú tí a ń fi rọ́bà lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́. Mo mú èkejì nítorí pé òun ni ó rọrùn jù láti tọ́jú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. N kò wọn gíláàsì mi kí n tó kúrò nílé, n kò sì béèrè ohunkóhun.

Nígbà tí mo dé Arámọ̀kọ, mo nà án sójú gíláàsì. Ó kúrú. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń yọjú ní ọ̀tún, ó ń yọjú ní òsì. Mo tún fẹ́ ká a padà, ó sì fò lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta bí àkùkọ tí a kò dè lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mi méjì tí ń kọjá lọ dojú bolẹ̀ kí n má baà rí ẹ̀rín wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó ka ohun tí ó yẹ kí n ti kà tẹ́lẹ̀.

Gíláàsì máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá bọ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù àti ìjókòó dúdú, á di ooru. Ooru yìí kì í sì rọrùn láti gba ojú gíláàsì jáde bí ìmọ́lẹ̀ ti gbà wọlé. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná kò sì rí ọ̀nà sá lọ. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona àti Yunifásítì California ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ sójú oòrùn ní ọjọ́ tí ooru ìta ń lọ sí nǹkan bí 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láàárín wákàtí kan, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ dé nǹkan bí 47, sítíárìnì dé 53, dáṣíbọ́ọ̀dù sì dé 69. Ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ ibòòji pàápàá kò bọ́: dáṣíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ dé nǹkan bí 48.

Mo ka ti ínsúlínì pẹ̀lú. Inú fíríìjì ni ìgò tí a kò tíì ṣí ń gbé, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8. Bí a bá ti ṣí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ooru ibẹ̀ kò bá ti ju 30 lọ. Bí ooru bá bà á jẹ́, àwọ̀ rẹ̀ lè má yí padà rárá. Nígbà náà ni mo rí ohun tí ó dẹ́rù bà mí jù. Bí mo bá fi ìgò tuntun pààrọ̀ láìsọ̀rọ̀, tí dókítà sì fi kún ìwọ̀n abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdé nítorí ìgò tí ó ti bàjẹ́, oògùn tí ó lágbára ni Màmá mi yóò gún ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣúgà wọn lè já wálẹ̀ lójijì lóru, kí wọ́n dákú sórí ibùsùn. Irọ́ tí mo pa kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ti ń wá ẹni tí yóò gbé mì.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo dé Ìjerò kí oòrùn tó mú. Màmá mi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ yí i nítorí pé agbára ẹsẹ̀ wọn ti dín kù. Mo kúnlẹ̀, n kò sì dìde.

Mo ní, "Màmá, oògùn tí mo gbé wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà nínú ọkọ̀ lójú oòrùn ju wákàtí kan lọ. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Oògùn ni kò ṣiṣẹ́? Kì í ṣe ara mi ló kọ̀ ọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ni wọ́n bá mí kanlẹ̀, wọ́n fi etí gèlè nu ojú. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti ń rò ó pé àìsàn náà ti borí oògùn, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyẹn dùn mí ju bí wọ́n bá ti gbá mi létí lọ. Ìbáwí wá tẹ̀ lé e. Wọ́n ní, "Ìwọ tí ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Pe dókítà nísinsìnyí, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ fún un."

Mo pè é. Ó ní kí wọ́n pa ìgò àtijọ́ tì, kí wọ́n lo tuntun ní ìwọ̀n tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, kí a sì máa yẹ ṣúgà wò láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ Mọ́ńdé, ṣúgà ti sọ̀kalẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi kún abẹ́rẹ́ mọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé yẹn kan náà, Màmá mi rí sọ́nṣéèdì tí mo rà. Wọ́n nà án, wọ́n tú u wò, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ rán aṣọ á kọ́kọ́ wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Wọ́n fún mi ní téèpù, wọ́n sì rán mi lọ síbi ọkọ̀. Ìsàlẹ̀ gíláàsì jẹ́ ínṣì 56, òkè rẹ̀ jẹ́ 46, gíga rẹ̀ láàárín sì jẹ́ 30. Àbúrò mi lọ ra tapólì aláwọ̀ fàdákà lọ́jà, irú èyí tí a fi ń bo ẹrù. Màmá gé e, wọ́n fi aṣọ funfun tí ó nípọn sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n gé ojú ibi tí dígí ìwẹ̀yìn wà, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà mẹ́rin kí ó lè ká bí ìwé. Ojú tí ó ń dán ni a kọ sí ìta, nítorí pé òun ni yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà kí ó tó di ooru. Ìbòjú méjì tí ó wà lókè orí awakọ̀ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ yan tiyín, ohun tí mo kọ́ nìyí. Ẹ wọn gíláàsì yín kí ẹ tó jáde nílé. Páálí kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó tètè ń rọ̀. Ẹni tí ó bá ra oníwáyà kí ó kọ́ bí a ti ń ká a níwájú ẹni tí ń tà á. Ẹni tí ó ra èyí tí ó dà bí agbòòrùn kí ó ṣọ́ egungun rẹ̀, kí ó má baà ha dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ ká a kúrò pátápátá kí ẹ tó wakọ̀. Ẹni tí ó bá sì ń rò pé kí òun kúkú fi ọ̀rá dúdú lẹ gíláàsì, kí ó rántí pé láti ọdún 1991 ni òfin Nàìjíríà ti de gíláàsì dúdú láìgba àṣẹ.

Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù. Ìbòjú ọkọ̀ ń dáàbò bo sítíárìnì, dáṣíbọ́ọ̀dù àti ìjókòó. Kì í sọ ọkọ̀ di fíríìjì. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tí a tì pa yóò ṣì gbóná. Nítorí náà, oògùn Màmá mi ń rìn nínú kúlà báyìí, pẹ̀lú aṣọ láàárín òun àti yìnyín, nítorí pé bí ínsúlínì bá dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀, kúlà náà sọ̀kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ mi ọlọ́dún méjì. Ara ọmọdé máa ń yára gbóná ju ti àgbàlagbà lọ fíìfíì. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ó ju ọgbọ̀n ọmọ lọ tí ooru inú ọkọ̀ ń pa ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú àwọn òbí wọn sì jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ọmọ wọn, tí wọ́n kàn gbàgbé. Èmi tí mo gbàgbé oògùn kò lè fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Fún ọjọ́ tí iná bá kú ní Ìjerò, àbúrò mi ṣe ohun tí olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, fi gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000: ìkòkò amọ̀ kan nínú òmíràn, iyanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Bí omi ti ń gbẹ, inú ìkòkò ń tutù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù.

Ní oṣù tó kọjá, a lọ síbi ìsìnkú kan ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. N kò rí igi kankan tí n ó gbé ọkọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá òkè níbẹ̀. Mo na ìbòjú Màmá mi sójú gíláàsì, mo gbé ọmọ mi pọ̀n, mo sì mú kúlà lọ́wọ́. Obìnrin kan tí a jọ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ béèrè ibi tí mo ti ra ìbòjú náà. Mo sọ fún un pé wọn kì í tà á. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé télọ̀ ṣì ni Màmá mi, mo sì fún un ní nọ́ńbà wọn.