Ìpè Nìkan Ò Tó, Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Lọ Kọ́ṣẹ́

Ọ̀rọ̀ mi lónìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń wá ilé ìwé gíga tó máa wọ̀.

Láti ìgbà tí èsì JAMB ti jáde ni àwọn òbí ti ń pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ìyá kan ní Social Work ni wọ́n fún ọmọbìnrin òun dípò Law, inú ọmọ sì ń dùn! Bàbá kan ní ọmọ òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ AC àti fíríìjì ní poli, pé ṣé torí ìyẹn lòun ṣe fi ọdún mẹ́fà san owó ilé ìwé aládàáni? Ọ̀dọ́kùnrin kan ní tiẹ̀ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún nímọ̀ràn. Ohun tí wọ́n bi í nílé ni pé, "Àbí ìwọ náà ti ń mu ún?" Gbogbo wọn ló ní, "Pásítọ̀, ẹ bá wa gbàdúrà kí ọkàn ọmọ yìí yí padà."

Ẹ má bínú o, mi ò ní gba àdúrà yẹn.

Ẹ ka Ẹ́kísódù orí 31. Besaleli tí Ọlọ́run fi Ẹ̀mí kún níbẹ̀ kì í ṣe wòlíì, kì í ṣe àlùfáà. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, wúrà, fàdákà, òkúta àti igi ló ń fi ṣiṣẹ́. Ẹ wá ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Nígbà tí wọ́n ń ráhùn pé àwọn opó kan ò rí oúnjẹ gbà bó ṣe yẹ, ọkùnrin méje ni wọ́n yàn sídìí iṣẹ́ náà, àwọn tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ iṣẹ́ wẹ́fíà, kí la fẹ́ pè é? Ẹ sì kíyè sí i pé wọn ò dárúkọ Ẹ̀mí nìkan, wọ́n dárúkọ ọgbọ́n mọ́ ọn.

Ibi tí wàhálà àwa onígbàgbọ́ wà rèé. A rò pé tí ọkàn èèyàn bá ti dáa, tó sì ní ìtara, ó ti mọ iṣẹ́ náà nìyẹn. Irọ́ ni o.

Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé ọ̀dọ́kùnrin kan lọ sí ibùdó àdúrà kan. Ọtí líle ló ń mu láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n gbé ààwẹ̀ kà á lórí, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí mọ́. Lọ́jọ́ kejì, gìrì mú un. Àwọn kan ń pariwo pé ẹ̀mí èṣù ló ń jáde. Arábìnrin kan tó kọ́ Social Work ní fásìtì ló ké mọ́ wọn pé, "Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù báyìí-báyìí!" Èmi náà dé ọsibítù lóru ọjọ́ yẹn. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ara tí ọtí ti mọ́ lára fún ọdún púpọ̀, tí wọ́n bá gba ọtí lọ́wọ́ ẹ̀ lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Oògùn ni wọ́n fi ń bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà yè é. Ìmọ̀ arábìnrin yẹn ni Ọlọ́run lò.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Nínú ìwádìí tí àjọ NBS àti UNODC gbé jáde ní 2019, mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ẹnì kan nínú méje nìyẹn, wọn ò sì ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, ó ju ẹnì kan nínú márùn-ún lọ. Wọ́n wà nínú kúáyà wa. Ta ló máa tọ́jú wọn tí a bá ń lé àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ ọ sẹ́yìn?

Iṣẹ́ AC náà ńkọ́? Àwọn kan rò pé ti ẹni tí ìwé ò yé ni. Ẹ gbọ́ o. Gáàsì inú AC kì í tán bí epo mọ́tò. Tó bá dín kù, ó ń jò níbì kan ni. Ẹni tí ò kọ́ṣẹ́ á kàn máa rọ ọ́ sí i lọ́dọọdún, á máa gbowó yín. Ẹni tó kọ́ ọ á wá ojú ibi tó ń jò, á dí i, á fa afẹ́fẹ́ àti omi inú ẹ̀ jáde kó tó rọ gáàsì. Àwọn kan ń fi ọ́síjìn àwọn wẹ́dà dán páìpù wò. Tí ọ́síjìn bá pàdé ọ́ìlì inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ó lè bú gbàù, ó sì lè pààyàn. Náítrójìn ló yẹ kí wọ́n lò. Gáàsì tuntun bíi R-290 náà tún wà, ọmọ ìyá gáàsì ìdáná ni, iná lè mú un. Ẹ ò rí i pé kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ibùdó àdúrà yẹn? Ìtara láìsí ìmọ̀ máa ń gbẹ̀mí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wa, inú fíríìjì ló ń gbé. Ẹni tó ń tún un ṣe ń gba ẹ̀mí là.

Èmi tí mò ń wàásù yìí, Ọlọ́run ló pè mí, síbẹ̀ mo lọ jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kí wọ́n tó gbé pẹpẹ lé mi lọ́wọ́.

Mi ò ní tàn yín, owó oṣù Social Work ò pọ̀ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó níyì ni. Ní Ẹ̀ńgláǹdì, ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò sí nínú ìwé àjọ tó ń bójú tó wọn ò gbọdọ̀ pe ara ẹ̀ ní social worker, òfin ni. Ọ̀nà sì wà nílé níbí: Fásìtì Ìbàdàn ń kọ́ wọn ní Social Work, ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ lè gba ilé ẹ̀kọ́ tẹ́níkà lọ, kó gbàwé ẹ̀rí NABTEB, tàbí kó ṣe ND ọdún méjì ní poli. Ẹni tó bá ní bárakú nílé, ẹ má fi pamọ́, ọsibítù Aro ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó wà fún un.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. A máa gbàdúrà, àwọn náà á ṣe tiwọn.

Ìyá tó pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ẹ lọ san owó àdímíṣọ̀n ọmọ yẹn. Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé á dúró nítorí ẹ̀, lórúkọ Jésù. Ẹ ṣe Àmín, kẹ́ ẹ sì bá mi fi ránṣẹ́ sí òbí kan.