Kásẹ́ẹ̀tì Bad Brains: Eré Tó Ní Ìmọ̀ Nínú

Bí a bá dárúkọ hardcore punk láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé ariwo òyìnbó ni. A kò bá yín jiyàn lórí ariwo. Òyìnbó yẹn ni a fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí.

Ní oṣù Kejì ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ ROIR ní New York gbé orin ẹgbẹ́ Bad Brains jáde. Washington, D.C. ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, adúláwọ̀ sì ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. H.R. ló ń kọrin, Earl Hudson àbúrò rẹ̀ ló ń lùlù, Dr. Know ló ń ta gìtá, Darryl Jenifer ló ń ta gìtá báàsì. Àwo la máa ń pè é lónìí, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni nígbà tó jáde. Orin 15 ló wà nínú rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Kí wọ́n tó bọ́ sídìí punk, orin jazz ni wọ́n ń ṣe, Mind Power sì ni orúkọ wọn. Ìdí nìyẹn tí eré tí wọ́n ń sá kò fi di jàgídíjàgan: ibi tí ọ̀kan bá ti dúró, àwọn yòókù ti dúró. Ẹni tó ti rí alùbàtá tó mọṣẹ́ yóò mọ ohun tí à ń wí. Láàárín eré yẹn náà ni wọ́n fi régè mẹ́ta sí, tó rọra ń lọ ní tiẹ̀.

Ìwé Napoleon Hill, *Think and Grow Rich*, tí àwọn tó ń tàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nílùú wa kì í ṣaláìní, ni H.R. ti rí èrò rere tó fi ń kọrin. Bàbá rẹ̀ ló fún un. Nígbà tí àwọn ilé ijó kan ní Washington sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ di orin, wọ́n kọjá sí New York.

Ipa wọn kò tíì parẹ́. Ìran wọn ni Ian MacKaye ti Minor Threat ń wò nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Hardcore ni Beastie Boys fi bẹ̀rẹ̀. Adam Yauch tó wà nínú wọn ló darí gbígba ohùn àwo *Build a Nation* tí Bad Brains gbé jáde ní 2007. Ní 2003, James Spooner ṣe fíìmù *Afro-Punk* nípa àwọn adúláwọ̀ tó wà nídìí orin yìí.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Gbogbo wa la mọ ìbéèrè náà: "Yorùbá? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Àwọn kan tún rò pé ẹni tó ń kọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ gbọ́ ju ìjálá àti rárà lọ. Bad Brains kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣe punk, wọn kò sì torí punk sọ régè nù. Àwa náà lè fi èdè wa sọ̀rọ̀ nípa ohunkóhun tó bá wù wá, láìfi ìjálá sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sọ fún wa bóyá ariwo òyìnbó ni.