Ẹ́ńjìnnì Wo Ni Ó Lágbára Jù?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni ó yẹ kí ó wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dá sí àríyànjiyàn kan tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ alágbára ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò tíì yanjú títí di òní: nínú Dodge Challenger Hellcat, Ford Mustang Shelby GT500 àti Chevrolet Camaro ZL1, ẹ́ńjìnnì ta ni ó lágbára jù? Nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dáhùn. Ẹni tí nọ́ńbà tirẹ̀ bá pọ̀ jù a gbéra ga, ọ̀rọ̀ a sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára tí ẹ́ńjìnnì ń yọ lónìí yàtọ̀ sí èyí tí ara rẹ̀ lè gbà mọ́ra. Owó ńlá àti ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà láàárín méjèèjì.

Ẹni tí ó bá ti jókòó ní àgbẹ̀dẹ rí ti mọ iṣẹ́ supercharger kí ó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí alágbẹ̀dẹ bá da èédú sílẹ̀ tí kò fi ẹwìrì fínná, irin rẹ̀ kò ní pọ́n. Afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ iná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú ẹ́ńjìnnì. Èyí tí kò ní supercharger ń fa ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ ká. Supercharger, tí bẹ́líìtì so mọ́ crankshaft, ń ki afẹ́fẹ́ sí i nínú ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ lè fà lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo tí ó lè jó yóò pọ̀. Bí epo tí ń jó bá pọ̀, ipá tí ń ti písítìnì yóò pọ̀ pẹ̀lú.

Àfiwé ẹwìrì yìí kì í ṣe àsọdùn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Philander àti Francis Roots, ará ìpínlẹ̀ Indiana, ni wọ́n gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn ní ọdún 1860. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé irú rẹ̀ sínú ọkọ̀, iléeṣẹ́ tí ń yọ́ irin ti ń fi í fẹ́ná. Láti ara rẹ̀ ni èyí tí ó wà nínú Mustang àti Camaro ti ṣẹ̀ wá. Àmọ́ ẹwìrì òde òní kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí awakọ̀ Hellcat bá tẹná dé ìdí, nǹkan bí agbára ẹṣin 80 ni ẹ́ńjìnnì náà ń ná lórí yíyí supercharger rẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí á wo nọ́ńbà náà wàyí. Hellcat jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2015 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lítà 6.2 àti agbára ẹṣin 707. Camaro ZL1 ti ọdún 2017 ní lítà 6.2 kan náà, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin 650 ni tirẹ̀. Shelby GT500 ti ọdún 2020 yọ agbára ẹṣin 760 láti inú lítà 5.2 péré. Bí a bá pín in, lítà kọ̀ọ̀kan nínú Shelby ń mú nǹkan bí 146 wá, ti Hellcat ń mú 114, ti ZL1 sì ń mú 105. Ní ti ọgbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ, Shelby ni ó gbẹ̀yẹ.

Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá jẹ́ èwo ni ó ṣì ní àyè láti gba agbára kún agbára, ìdáhùn yàtọ̀. Irin gidi ni wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnnì Hellcat. Aluminium ni ti àwọn méjì yòókù. Irin wúwo, ó sì ń tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ ó ń fara da ipá. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni Dodge ti gbé Demon ọdún 2018 dé agbára ẹṣin 840 pẹ̀lú epo ìdíje, kí ó tó gbé Demon 170 ti ọdún 2023 dé 1,025 pẹ̀lú epo E85. Lítà 6.2 náà kò yí padà. Ohun tí ó yí padà ni supercharger, tí ó kúrò ní lítà 2.4 tí ó di 3.0, irú epo tí ó ń mu, àti inú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tún fún lókun. Wọ́n tún ìtẹ́ ṣe kí wọ́n tó gbé eku ńlá sínú rẹ̀.

Ti ZL1 ṣòro díẹ̀. Supercharger rẹ̀ kò ju lítà 1.7 lọ. Ẹwìrì kékeré ní láti yára yí kí ó tó lè bá ńlá dọ́gba, eré àsápajúdé sì ń mú afẹ́fẹ́ gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì máa dín agbára kù. Síbẹ̀, òun ni ó fúyẹ́ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò wúwo kò sì nílò ipá tó ti aláàárù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ewu ni ọwọ́ ẹni tí ó ra ọkọ̀ àlòkù tí ó fẹ́ sọ 707 di 900 lọ́sàn-án kan. Púlì kékeré ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ rọ́pò ti àtẹ̀yìnwá, kí supercharger lè yára sí i. Ó rọrùn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí epo kò bá tó afẹ́fẹ́ tuntun náà, tàbí tí ooru bá pọ̀ jù, epo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù kí àsìkò rẹ̀ tó tó, písítìnì yóò fọ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì nọ́ọ̀kì. Bí ẹ́ńjìnnì bá tilẹ̀ fara dà á, jíà ń bẹ, bíréèkì ń bẹ, táyà náà ń bẹ. Demon ọdún 2018 sá ìdá mẹ́rin máìlì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 9.65, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó jáde, òfin NHRA, àjọ tí ń ṣàkóso eré ìje náà, kò gba ọkọ̀ tí ó sáré tó bẹ́ẹ̀ láàyè lórí pápá láìsí àgánrándì irin tí ń dáàbò bo awakọ̀. Bí pápá ìdíje bá bẹ̀rù irú eré bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kí ni ojú pópó yóò sọ?

GT500 yìí parí ní ọdún 2022. Challenger parí ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ọkọ̀ ọdún 2024 ni Camaro fi kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tí ó wà nílẹ̀ ti ń dàgbà, ọwọ́ ẹni tuntun ni wọ́n sì ń bọ́ sí lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọ̀kan kò gbọdọ̀ dúró lórí iye agbára ẹṣin tí ó ní. Kí ó béèrè ohun tí wọ́n ti ṣe sí inú rẹ̀, irú epo tí ó ti mu, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti pààrọ̀ púlì rẹ̀ rí. Nọ́ńbà wà nínú ìwé ọkọ̀ fún ẹni gbogbo láti kà. Ìfaradà wà nínú irin, mẹkáníìkì tí ó bá tú u wò ni ó sì lè sọ bí ó ṣe kù tó.