Pẹ́ńsù Ló Rí Ọ̀gágun Lee Lọ́jọ́ Tó Túúbá

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé fọ́tò ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwa tí a ń fi pẹ́ńsù ya ojú ènìyàn ní New York. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, ilé fọ́tò Mathew Brady wà ní Broadway, àwọn ọ̀gágun sì ń lọ yàwòrán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà náà kò lè tẹ fọ́tò sínú ìwé ìròyìn. Ìdí nìyí tí ìwé ìròyìn Harper's Weekly, tí wọ́n ń tẹ̀ nílùú yìí nígbà náà, fi ní ayàwòrán Alfred Waud lójú ogun. Ohun tó bá fi pẹ́ńsù yà, wọ́n á tún un yà sórí igi ní New York, wọ́n á tú igi náà sí wẹ́wẹ́, afíngi kọ̀ọ̀kan á fín tirẹ̀, wọ́n á sì dè é pọ̀ padà fún ìtẹ̀wé.

Ẹnìkan lè ní bó bá jẹ́ àléébù ẹ̀rọ ló fún pẹ́ńsù láyè, àdélé lásán ni. Ẹ wo Appomattox ní Virginia, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 1865. Ọ̀gágun Robert E. Lee ti Gúúsù ṣẹ̀ṣẹ̀ túúbá fún Ọ̀gágun Grant ti Àríwá, ó gun ẹṣin jáde, Charles Marshall, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, tẹ̀ lé e, Waud sì yà wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Brady tó ya Lee ní Richmond, lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú tó ti múra de ẹ̀rọ kì í sọ ohun tí ara ẹni tó ń kúrò níbi ìtúúbá ń sọ.

Wọ́n á tún ní ọwọ́ ayàwòrán lè parọ́. Ó lè parọ́, ṣùgbọ́n onífọ́tò pẹ̀lú máa ń to ohun tó fẹ́ yà: Alexander Gardner gbé òkú sójà kan láti ibì kan sí ibòmíràn ní Gettysburg ní 1863 kó tó yà á. Àtakò tó lágbára jù ni pé àwọn afíngi máa ń yí iṣẹ́ Waud padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà ṣì wà: ní 1919 ni J.P. Morgan fún Library of Congress ní nǹkan bí 1,600 àwòrán Waud àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti Winslow Homer, ayàwòrán mìíràn tó bá àwọn ọmọ ogun New York lọ sí Virginia ní 1862, wà ní ilé musiọ́mù Cooper Hewitt ní Manhattan láti 1912. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìwé ìròyìn nìkan dá Waud lẹ́jọ́. Ẹ wo pẹ́ńsù rẹ̀ fúnra rẹ̀.